LED kan tàn dáadáa, nígbà tó di méjì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: kí ló wà lórí àjà balùwẹ̀ mi?

Aránṣọ Òru

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ó sì ti sú mi, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Gílóòbù mẹ́fà ló wà lára àjà balùwẹ̀ wa. Méjì wà lókè ṣáwà, méjì wà níwájú jígí níbi tí a ti ń fọwọ́, méjì tó kù sì wà lápá ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Halogen ni gbogbo wọn, àwọn kékeré tó rí bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n kọ 12V àti 50W sí wọn lára. Irọ́ kọ́, mo fẹ́ràn wọn nígbà tí a kó dé ilé yìí. Ìmọ́lẹ̀ wọn dùn ún wò, ara èèyàn sì máa ń dán lábẹ́ wọn. N kò mọ̀ pé ajẹmáyó ló ń gbé lókè orí mi.

Ínfátà ló là mí lójú. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, òru ni mo sì fẹ́ràn láti máa rán an, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Lóru ọjọ́ kan iná ti lọ, orí bátìrì la wà, ẹ̀rọ mi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú ínfátà sì ń fi 140 wáàtì hàn. Ni ìyá mi bá dìde, ó wọ balùwẹ̀. Kí n tó mọ̀, nọ́ńbà yẹn ti fò láti 140 dé 460. Mo rò pé ó ti ki nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Mo dìde lọ wò ó, kò sí nǹkan kan ju iná balùwẹ̀ lọ. Mo pa á láti ìta, nọ́ńbà padà sí 140. Mo tàn án, 460. Mo tún pa á. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nínú lọ́hùn-ún pé ta ni aláìníṣẹ́ tó ń fi iná ṣeré.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: gílóòbù mẹ́fà, 50 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 300 ni. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi kò jẹ tó ìdajì ohun tí balùwẹ̀ ń jẹ. Ìyá mi kì í sì í paná bó bá jáde lóru, ó ní kò ní pẹ́ tí òun á tún padà wá. Bí iná yẹn bá tàn fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, yúnìtì kan àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn, lórí kí èèyàn rí ọ̀nà dé ibi ìgbọ̀nsẹ̀.

Ni mo bá lọ ra LED, gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀. Àwọn tí mo kọ́kọ́ rà kò tilẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ wọn nípọn, orí ẹsẹ̀ náà rí roboto bí orí ìṣó, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ti tèmi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé GU10 tí wọ́n kọ sí ti àkọ́kọ́ àti GU5.3 tó jẹ́ tèmi, iye mìlímítà tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ń sọ. Mo dá wọn padà, mo gba GU5.3, 12V, 5W, mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dorú nìyí. Mo pa bíréékà, mo gun àkàbà, mo yọ ọ̀kan nínú àwọn méjì iwájú jígí, mo fi LED sí i. Mo tàn án, ó tàn yòò. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi wá wò ó. Mo tún pa bíréékà, mo yọ ìkejì, mo fi LED sí òun náà. Mo tàn án, ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tàn-kú, tàn-kú, bí ẹni pé mànàmáná ń kọ nínú ilé. Àti èyí tó ti ń tàn jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ o! Mo ní ìkejì yẹn ló bàjẹ́, mo yọ ọ́, mo dá halogen padà. Àlàáfíà dé. Mo wá gbé ìkejì tí mo ń fẹ̀sùn kàn yẹn sí àyè ti àkọ́kọ́, kí halogen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tàn dáadáa. Ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì ló dára. Wọn kò kàn fẹ́ gbé pọ̀ ni, bí orogún.

Mo dán an wò lókè ṣáwà, bákan náà. Lápá ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ló burú jù: bí mo bá fi LED méjì síbẹ̀, wọn kì í tàn rárá, ohùn kan ni mo kàn ń gbọ́ lórí àjà, tííí, bí ẹ̀fọn.

Kí ló ń ṣe wọ́n? Ohun kan tún wà: hóódà tí gílóòbù ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, funfun ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, bí ohun tí wọ́n yan. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Ọmọ Jayé

Àǹtí, ayédèrú ni wọ́n kó fún yín. Ẹ dá a padà kíákíá, kí ẹ gba èyí tí wáàtì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. 5W kéré jù fún balùwẹ̀.

Gbéborùn

Èmi ò mọ̀wé iná o, ṣùgbọ́n ìṣírò kò ṣòro fún mi. Bí LED kan àti halogen kan bá lè gbé pọ̀ láìjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé pọ̀. Halogen mẹ́ta jẹ́ 150, LED mẹ́ta jẹ́ 15, àpapọ̀ 165. Ó kúkú sàn ju 300 lọ. Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín jàre.

Bàbá Wáyà

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú làálàá. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí LED tó dé ọjà, mo sì fẹ́ sọ fún yín pé àyẹ̀wò tí ẹ ṣe yẹn, tí ẹ ń pààrọ̀ wọn sí àyè ara wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí wọn kì í ronú kàn án. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín.

Gílóòbù kankan ò lẹ́ṣẹ̀. Iná tó ń gba inú ògiri yín bọ̀ ju 12V lọ fíìfíì, nǹkan kan ní láti wà níbì kan tó ń já a wálẹ̀. Tiransifọ́mà ni nǹkan náà, orí àjà ló sì wà. Ohùn ẹ̀fọn tí ẹ gbọ́ yẹn, òun ló ń ké. Bí mo bá mọ iṣẹ́ mi, àpótí pẹlẹbẹ kékeré ni, kò wúwo, ọ̀kan fún gílóòbù méjì. Ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí ìlà kékeré wà láàárín wọn, bíi 20–60 tàbí 35–105, VA tàbí W á tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni gbogbo ayé ń wò, pé ẹrù tí a gbé lé e kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti iwájú kọ́ ni wọ́n máa ń wò, òun ló sì ń pa yín lára báyìí: ẹrù náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Irú tiransifọ́mà yìí, agbára tí gílóòbù ń fà lára rẹ̀ ló ń gbé e dúró. Bí ohun tí wọ́n ń fà bá kéré jù, á dìde, á ṣubú, á tún dìde. Ìdìde òun ìṣubú yẹn lẹ ń rí bí ìṣẹ́jú. Ẹ rántí ẹni tó gbé igbá rù nínú afẹ́fẹ́: igbá tó kún dúró lórí, òfìfo ni atẹ́gùn ń gbé sáré. Ká ní 35 ni nọ́ńbà iwájú yín. Halogen kan pẹ̀lú LED kan jẹ́ 55, ó ju 35 lọ, àlàáfíà wà. LED méjì jẹ́ 10. Ẹ ti rí i.

Ọmọ Jayé, kì í ṣe ayédèrú. Bí a bá ní ká fi wáàtì dí i, LED kọ̀ọ̀kan á ní láti tó 18 wáàtì, ó sì lè má wọ inú ife kékeré yẹn, bó bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, ooru á pa á. LED 5W tó dára ń tan ìmọ́lẹ̀ bí 350 sí 450 lumen. Lumen ni kí ẹ máa bi alágbàtà, ẹ fi wáàtì sílẹ̀. Wáàtì kò sọ ju iye tí nǹkan ń jẹ lọ.

Gbéborùn, ọgbọ́n yín ṣeé ṣe, mo ti rí i nílé àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n halogen kì í pẹ́ láyé, bíi wákàtí 2,000 ni wọ́n máa ń kà fún un, nígbà tí LED gidi ń lọ sí 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lóru tí halogen bá jó, LED ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Òkùnkùn méjì á wá bá yín lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè yọ tiransifọ́mà, kí ẹ fi dráífà LED 12V (àpótí tó ń já iná wálẹ̀ fún LED) rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí kò ní nọ́ńbà iwájú, tí ẹrù kékeré kì í dà láàmú. Tàbí kí ẹ yọ tiransifọ́mà pátápátá, kí iná ògiri máa lọ tààrà sí hóódà GU10. Ọ̀nà kejì yìí rọrùn, mo sì máa ń ṣe é ní pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lókè ṣáwà, èmi kì í fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe àṣìṣe ni ẹni tó kọ́kọ́ wáyà ilé yín fi lo 12V níbẹ̀. Èèyàn wà níhòòhò, ara rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà iná, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé òfin tiwọn lé, ó pín balùwẹ̀ sí agbègbè. Agbègbè 0 ni inú ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí inú àwo ṣáwà fúnra rẹ̀. Agbègbè 1 ni òkè rẹ̀ títí dé mítà 2.25. Agbègbè 2 ni 60 sẹ̀ǹtímítà tó yí ìyẹn ká. Iná tó bá wà ní agbègbè 1 àti 2 gbọ́dọ̀ ní ààbò IPX4, ó kéré tán. Òfin ibi tí ẹ wà lè le jù bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn IP jẹ́ ti erùpẹ̀ àti eruku, ìkejì jẹ́ ti omi: 4 ń kojú omi tó ta sí i, 5 ń kojú omi tó ń tú jáde láti ẹnu páìpù. IP65 ni èmi máa ń fi sókè ṣáwà. Ẹ má sì jẹ́ kí alágbàtà sọ pé gílóòbù náà ló ní ààbò yẹn. Ilé tí gílóòbù wọ̀, pẹ̀lú gíláàsì iwájú rẹ̀ àti rọ́bà tó yí i ká, òun ló ń dènà omi. Ẹni tó bá gbé gílóòbù lásán sókè ṣáwà, ṣìgìdì tó fẹ́ ṣeré ẹ̀tẹ́ ni, tó ní kí wọ́n gbé òun sójò.

Ó ku hóódà tó yan. Ọ̀pọ̀ halogen onífe yẹn, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síwájú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ooru gba ẹ̀yìn kọjá. Sẹ́yìn ibo? Sára hóódà, sára wáyà, sínú àjà. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń yan án? Ẹ pààrọ̀ hóódà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí èèpo wáyà bá ti gbẹ, ẹ gé e dé ibi tó ti rọ̀.

LED náà ń gbóná lẹ́yìn o, kò kàn tó ti halogen ni. Ìyàtọ̀ ni pé ooru kò kan halogen, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú LED. Inú ilé IP65 tó dé pa, afẹ́fẹ́ kì í rìn. Ẹ ka páálí rẹ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ sí i pé a lè lò ó nínú ibi tó dé pa. Ẹ má sì fi nǹkan tí wọ́n fi ń dí ooru lórí àjà bo dráífà mọ́lẹ̀.

Ẹ pa bíréékà, kì í ṣe súwíìṣì nìkan. Ẹ fi tẹ́sítà dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Yíyọ gílóòbù ẹ lè ṣe é. Ti dráífà, ẹ pe ẹni tó níwèé ẹ̀rí iṣẹ́ náà.

Aránṣọ Òru

Bàbá Wáyà! Ṣé orí àjà wa lẹ ń gbé ni?

35–105. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́. Àpótí mẹ́ta, ọ̀kan fún méjì-méjì. Mo fi fóònù ya ara wọn nítorí pé n kò gbà gbọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan wáyà tó wọ hóódà iwájú jígí, èèpo rẹ̀ ń já bọ́ lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èèpo ẹyin. Àyà mi já. A ò tan ìyẹn mọ́ láti àná.

Mo ti rí oníṣẹ́ iná tó máa wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló tún yọ.

Àkọ́kọ́, lókè ṣáwà, gíláàsì tó bo gílóòbù kò dé mọ́ bí LED bá wà nínú rẹ̀. Mo fi okùn ìwọ̀n mi wọn ọ́n (iṣẹ́ mi ni): halogen gùn ní mìlímítà 45, LED tí mo rà gùn ní 50. Mìlímítà márùn-ún péré, òun ló ń ta gíláàsì síta. Mo fẹ́ tì í wọlé tipátipá, ọkàn mi ní rárá.

Ìkejì ni àwọ̀. Mi ò bèèrè nígbà tí mò ń rà á, 6500K ni wọ́n kó fún mi. Ìmọ́lẹ̀ náà funfun, ó ní aró nínú. Ìyá mi wo ara rẹ̀ nínú jígí, ó ní, “Ta ni òkú yìí?” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ohun tó ń wí. Mo lọ mú òwú ìránṣọ wá, òwú wáìnì àti òwú búráùn, mo gbé wọn sábẹ́ halogen tó kù: èèyàn kì í ṣì wọ́n mú. Mo gbé wọn sábẹ́ LED: n kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Èmi tí mo fi àwọ̀ ṣe iṣẹ́! Ṣé bí gbogbo LED ṣe rí nìyẹn?

Alátíkè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwọ̀, iṣẹ́ ìkunjú ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ti fojú mi rí nǹkan.

Nǹkan méjì lẹ dà pọ̀. K yẹn ń sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ pọ́n tàbí ó funfun. 2700K pọ́n rúsúrúsú, halogen yín wà lágbègbè 3000K, 4000K jẹ́ funfun tí kò ní aró, 6500K ni ti ọ̀sán tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹ padà sí 3000K, ìyá yín á tún dà bí ara wọn.

Ti òwú, nọ́ńbà mìíràn ló fà á: CRI. Òun ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe jẹ́ gan-an. Halogen fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100. LED tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ 80, wọ́n sì máa ń rọra fi àwọ̀ pupa pamọ́. Pupa ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, òun náà ló wà nínú òwú wáìnì yín. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 90 sókè. Bí wọ́n bá kọ R9 sí páálí rẹ̀, pupa nìyẹn, kí nọ́ńbà rẹ̀ ga. Mo ti kun ojú ẹnì kan rí lábẹ́ LED tí CRI rẹ̀ kéré, ó dára lójú mi, ó dára lójú òun náà. Nígbà tí a jáde sí oòrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ojú tì mí.

Ẹ tún wo ìwọ̀n ìtànká rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 24° sí á ta ìmọ́lẹ̀ sójú kan bí tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ á rí tó-tò-tó. 36° ni ti ọ̀pọ̀ halogen. Lókè ṣáwà àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀, 60° dára lójú mi. Ní ti iwájú jígí, iná orí àjà nìkan kò dára fún ojú ẹnikẹ́ni, ó ń fi òjìji sábẹ́ ojú àti sábẹ́ imú. Bí ẹ bá tún ilé ṣe lọ́jọ́ kan, ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jígí.

Bàbá Wáyà

Alátíkè ti parí ti àwọ̀, mi ò ní fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Aránṣọ, ọkàn yín tó ní rárá yẹn, ẹ máa tẹ́tí sí i. Gíláàsì tí kò dé dáadáa, rọ́bà rẹ̀ kò ní mọ́ ọn, ooru omi gbígbóná á wọlé, ẹsẹ̀ gílóòbù á dípẹtà. Halogen máa ń fi ooru ara rẹ̀ gbẹ omi kékeré tó bá wọ inú ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀. LED kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin tó bá wọlé á jókòó síbẹ̀. Ẹ yọ ilé méjì òkè ṣáwà, ẹ fi tuntun tó jẹ́ IP65 síbẹ̀, ẹ gbé gílóòbù yín dání lọ wọ̀n ọ́n wò kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Jayé

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ti gbọ́. Tèmi ń lo súwíìṣì tí wọ́n ń yí láti dín iná kù. Ṣé mo lè ki LED bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Wáyà

Wàhálà kan náà ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tó fara pamọ́ sí. Súwíìṣì àtijọ́ yẹn náà ní ẹrù tó kéré jù tó lè gbé, 40 wáàtì tàbí 60 lórí ọ̀pọ̀ wọn. Pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún LED, kí gílóòbù náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé a lè dín iná rẹ̀ kù. Bí ó bá jẹ́ 12V ni tìẹ, dráífà gan-an gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn kò bá gbà, á máa kùn mọ́ ẹ lórí.

Aránṣọ Òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kejì, mo wá jábọ̀.

Oníṣẹ́ iná wá, ó lo òwúrọ̀ kan. Dráífà 12V mẹ́ta tó lè gbé 15 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan ló fi rọ́pò tiransifọ́mà mẹ́ta. Hóódà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tuntun. Ilé IP65 méjì lókè ṣáwà, gíláàsì wọn dé, mo fi ọwọ́ ara mi yí i. Gílóòbù 3000K, CRI 90. Mo gbé òwú mi wọlé kí ó tó kúrò nílé, wáìnì jẹ́ wáìnì, búráùn jẹ́ búráùn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò sí ìṣẹ́jú, kò sí ẹ̀fọn.

Lóru ọjọ́ náà ni ìyá mi wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń yọ nínú balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ti paná. (Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń paná, ká sòótọ́.) A dúró sínú òkùnkùn, àwa méjèèjì. Lóòótọ́: pàì! Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, pàì! Àwọn méjì iwájú jígí. Ìyá mi ti ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

Bàbá, mo ti pa súwíìṣì. Kí ló tún kù?

Bàbá Wáyà

Ṣé súwíìṣì yín ní iná pupa kékeré kan tó máa ń tàn bí ẹ bá ti pa á, kí èèyàn lè rí i nínú òkùnkùn?

Aránṣọ Òru

Ó ní in! Lẹ́yìn ilẹ̀kùn níta.

Bàbá Wáyà

Òun ni. Ẹ sọ fún Ìyá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Iná pupa yẹn kò lè tàn láìjẹ́ pé iná díẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ibi tí ìyẹn sì ń gbà lọ ni ọ̀nà gílóòbù. Halogen ń gbé e mì láìmọ̀. Dráífà ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kó owó sínú kóló, bó bá ti tó, á tàn lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣófo. Ẹ lè gé iná pupa náà kúrò. Bí ẹ kò bá fẹ́, kí oníṣẹ́ iná so kàpásítọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún irú èyí mọ́ ẹnu ibi tí iná ti ń wọ dráífà, á máa gbé èyí tó ń jò yẹn mì.

Aránṣọ Òru

Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé iná pupa òun, òun ni òun fi ń mọ ibi tí òun máa nawọ́ sí lóru. Kàpásítọ̀ la so. Kò sí pàì mọ́.

Ẹ̀sùn kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀: balùwẹ̀ tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lówùúrọ̀, ọ̀rinrin sì ń pẹ́ lójú jígí. Mo kọ́kọ́ bá a jiyàn, kí n tó rántí pé 300 wáàtì tó ń jó lókè orí wa tẹ́lẹ̀, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Mo ti ń ṣí fáànù tó ń fa ooru omi síta, mo sì fi aṣọ nu jígí.

Lóru àná iná tún lọ. Mo ń rán apá aṣọ kan lọ́wọ́, 140 ló wà lójú ínfátà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo wò ó: 174. Nígbà tó jáde, mo ń retí kí nọ́ńbà yẹn wálẹ̀, kò wálẹ̀. Ó ti padà sí ìwà rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń rán aṣọ mi lọ.